Àfikún oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú fún ewúrẹ́ oníwàrà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ṣé dandan ni kí ewúrẹ́ oníwàrà jẹ ohun mìíràn yàtọ̀ sí koríko?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ewúrẹ́ tí kò lóyún, tí wàrà rẹ̀ sì ti gbẹ, lè wà láàyè dáadáa lórí ewé àti koríko tó dára, omi mímọ́ àti iyọ̀. Èyí tó ń fún yín ní lítà méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́ ni koríko nìkan kì í tó fún, torí pé ikùn rẹ̀ á ti kún kó tó rí agbára tó tó wàrà tó ń ṣe. Bí kò bá rí i jẹ, ara tirẹ̀ ni yóò máa yọ fi ṣe wàrà. Wàrà á ṣì máa jáde, eegun á sì máa yọ síta.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú oúnjẹ rẹ̀, bóyá agbára ni, bóyá purotéènì ni, bóyá iyọ̀ àti mínírà ni. Èyí tó kù yẹn nìkan ni kí ẹ fowó rà. Àpò oúnjẹ tí kò mú ohun tó sọnù wá, ọ̀wọ́n ni, bó ti wù kó dínwó tó.

Owó ọwọ́ mi kò tó nǹkan. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Iyọ̀ tí wọ́n po mínírà ewúrẹ́ mọ́. Bíi gíráàmù 10 sí 20 ni ewúrẹ́ kan ń lá lóòjọ́, nítorí náà àpò kékeré máa ń pẹ́ nílẹ̀. Ẹ ra èyí tó jẹ́ lílọ̀ dípò èyí tó le bíi bíríkì tí wọ́n ṣe fún màlúù. Ahọ́n ewúrẹ́ kò le tó ti màlúù, kì í sì í rí tó lá níbẹ̀. Ẹ gbé e sínú àpótí tó ga kúrò nílẹ̀, tí òjò kò lè rọ̀ sí, tí ọmọ ewúrẹ́ kò sì lè gùn wọ̀. Bí ẹ kò bá rí ti ewúrẹ́ rà, iyọ̀ lásán tó ní áyódíìnì sàn ju òfo lọ.

Omi ṣáájú iyọ̀ o. Ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún wàrà ló jẹ́ omi. Nígbà ooru, ewúrẹ́ tó ń fún wàrà lè mu lítà 5 sí 10 lóòjọ́. Ẹran tó sì máa ń ṣe fíńnífínní ni: bí kóró ìgbẹ́ kan bá bọ́ sínú bókẹ́ẹ̀tì, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á yí orí kúrò, á kúkú fara da òùngbẹ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ ó rí i nínú ìwọ̀n wàrà. Kò sí oúnjẹ rírà tó lè tún èyí ṣe.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ara rẹ̀ dá tàbí ó ti ń rù?

Ọwọ́ ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n, ẹ má fojú wò ó. Ikùn ńlá máa ń tan ènìyàn, irun tó ga sì máa ń bo eegun mọ́lẹ̀.

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí egungun ìhà ti parí. Àtàńpàkò yóò wà lórí ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn ìka yòókù yóò wà lórí àwọn ṣóńṣó eegun tó yọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí àwọn ṣóńṣó náà bá mú, tí ẹ lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ehín ìyàrí, tí ìka yín sì lè wọ abẹ́ wọn, ó ti rù jù. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ wọ́n, tí orí wọn sì rí roboto, ibi tó yẹ kó wà nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ kò rí eegun kankan mú, ọ̀rá ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ di igẹ̀ rẹ̀ mú láàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ẹran tó wà níbẹ̀ yẹ kó kún ọwọ́ díẹ̀, kó sì máa mì sọ́tùn-ún sósì.

Láti 1 (tó rù jù) dé 5 (tó sanra jù) ni àwọn olùtọ́jú ẹran ń ka èyí. Ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ yẹ kó wà ní 3 sí 3.5. Nígbà tí wàrà bá pọ̀ jù lọ, ó lè wálẹ̀ dé 2.5 láìsí wàhálà. Bó bá ti lọ sí 2, ẹ má dúró. Ẹni kan náà ni kó máa fọwọ́ kàn wọ́n lóṣooṣù, torí pé ọwọ́ kò dọ́gba.

Ìwọ̀n oúnjẹ hóró wo ni kí n fún un lójoojúmọ́?

Bí koríko bá dára, ẹ ka lítà wàrà àkọ́kọ́ sí ti koríko. Lórí lítà kọ̀ọ̀kan tó bá tún lé sí i, ẹ fi gíráàmù 300 sí 400 oúnjẹ tó ní purotéènì bíi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ó má sì kọjá ìlàjì kílò lẹ́ẹ̀kan. Ó kéré tán, ìlàjì gbogbo ohun tó ń jẹ yẹ kó jẹ́ koríko àti ewé.

Ẹ má yí oúnjẹ padà lójijì. Àwọn kòkòrò aláìfojúrí inú àpòlúkù ni wọ́n ń da oúnjẹ náà fún un, wọ́n sì nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó mọ oúnjẹ tuntun lò. Bí ọkà bá pọ̀ jù lójijì, àpòlúkù á kan, ẹran á dákẹ́ jíjẹ àpọ̀jẹ, á yàgbẹ́ gbuuru, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ṣé mo lè po oúnjẹ náà fúnra mi?

Ẹ lè pò ó. Èyí jẹ́ àpẹẹrẹ fún kílò 100: àgbàdo fífọ́ 50, eèrí àlìkámà 25, èérún sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ 15, èérún èkùrọ́ 7, láìmsítóònù lílọ̀ (òkúta tó ní kálísíọ́mù) 2, iyọ̀ 1. Purotéènì rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkà bàbà lè rọ́pò àgbàdo. Èérún ẹ̀pà lè rọ́pò sóyà.

Láìmsítóònù yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń yọ kúrò láti fi dín owó kù, bẹ́ẹ̀ òun ló dínwó jù nínú gbogbo rẹ̀. Fọsifọ́rọ̀sì pọ̀ nínú ọkà àti eèrí, kálísíọ́mù kò sì tó nínú wọn. Ìwọ̀n kálísíọ́mù yẹ kó tó fọsifọ́rọ̀sì ní ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì. Ẹ má lọ àgbàdo kúnná bí ìyẹ̀fun. Fífọ́ ló dára.

Àwọn ewé wo ló lè dín oúnjẹ rírà kù?

Níbí ni owó ti ń dín kù jù lọ. Ewé igi àti ìtàkùn ìdílé ẹ̀wà ni: Leucaena, agùnmáníyè, ewé ẹ̀pà lẹ́yìn ìkórè, ìtàkùn ẹ̀wà, alfalfa. Bí ẹ bá sá ewé Leucaena tàbí agùnmáníyè gbẹ, purotéènì inú rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ju ti ọ̀pọ̀ eèrí lọ. Ìtàkùn ọ̀dùnkún àti ewé mòríńgà náà dára. Kí irú ewé bẹ́ẹ̀ jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbogbo oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ kì í fẹ́ agùnmáníyè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí òórùn rẹ̀. Ẹ gé e nírọ̀lẹ́, kí ẹ jẹ́ kó rọ di àárọ̀, kí ẹ sì pò ó mọ́ èyí tí wọ́n ti ń jẹ. Ẹ so ó kọ́ sókè dípò kí ẹ dà á sílẹ̀, torí pé ohun tí ewúrẹ́ bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀, ó di ìbùsùn rẹ̀.

Àkókò gígé ṣe pàtàkì ju orúkọ koríko lọ. Koríko tí a gé kó tó so èso lágbára nínú. Èyí tó ti gbó, tí igi rẹ̀ ti le, ikùn nìkan ló ń kún.

Wọ́n ní Leucaena ń mú kí irun ẹran já. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, bó bá pọ̀ jù. Májèlé kan tó ń jẹ́ mimosine wà nínú ewé náà. Ó ń já irun, ohun tó sì ń dà nínú àpòlúkù máa ń mú kí gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn ẹran. Bí ẹ kò bá jẹ́ kó kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ rẹ̀, kì í sábà sí ìṣòro.

Ìtàn dídùn kan wà lórí èyí. Àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí pé ewúrẹ́ ní Hawaii ń jẹ ewé yìí láìsí ewu, nígbà tí ẹran ní Ọsirélíà ń ṣàìsàn. Kòkòrò aláìfojúrí kan tó ń pa májèlé náà wà nínú àpòlúkù àwọn ti Hawaii. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, wọ́n gbé e lọ sínú ẹran Ọsirélíà, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tó di 1992, wọ́n sọ ọ́ ní Synergistes jonesii, fún ọlá Raymond Jones tó ṣe iṣẹ́ náà.

Nínú àwọn èérún tí wọ́n ti fún òróró wọn, èwo ló dára jù?

Sóyà àti ẹ̀pà ló ní purotéènì jù, nǹkan bí ìdá 40 sí 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀pà nílò ìṣọ́ra nítorí olú (ẹ wo ìbéèrè tó kẹ́yìn). Èérún èkùrọ́ wà ní bí 14 sí 20. Ó gbẹ lẹ́nu, ẹran kì í tètè fẹ́ ẹ, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ ohun tó dùn.

Èérún hóró òwú ní májèlé tó ń jẹ́ gossypol. Ewúrẹ́ àgbà lè fara da ìwọ̀nba rẹ̀. Ẹ má fún ọmọ ewúrẹ́ rárá, ẹ má sì fi ṣe oúnjẹ òbúkọ tí ẹ fi ń gùn.

Báwo ni mo ṣe ń mọ èyí tó dínwó lóòótọ́?

Ẹ má wo iye owó àpò. Iye tí ẹ san lórí kílò purotéènì kan ni kí ẹ wò. Ká ní kílò sóyà kan jẹ́ owó 30, purotéènì rẹ̀ sì jẹ́ 45 nínú ọgọ́rùn-ún: 30 pín sí 0.45, ó jẹ́ bíi 67. Ká ní kílò èérún èkùrọ́ kan jẹ́ 15, purotéènì rẹ̀ jẹ́ 16: 15 pín sí 0.16, ó lé díẹ̀ ní 93. Èyí tó dà bíi pé ó dínwó ní ìlàjì ló wọ́n jù.

Eèrí ọkà tútù láti ilé-iṣẹ́ bíà ló ń tan ènìyàn jù, torí pé omi ni ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí kílò kan rẹ̀ bá jẹ́ owó 5 péré, tí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ èyí tó gbẹ, kílò gbígbẹ ti di 25 nìyẹn. Bí purotéènì rẹ̀ bá jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún, kílò purotéènì kan ti di 100. Ẹ kò tíì san owó ọkọ̀ o. Bí ẹ bá wà nítòsí ilé-iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ lò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀ kó tó kan.

Ṣé èèpo ẹ̀gẹ́ àti àjẹkù ilé ìdáná dára?

Èèpo ẹ̀gẹ́ ní agbára, kò sì ní purotéènì tó nǹkan. Sayanáìdì wà nínú rẹ̀ nígbà tó bá tútù, nítorí náà ẹ sá a gbẹ dáadáa nínú oòrùn kí ẹ tó fún wọn. Ẹ fi ewé ìdílé ẹ̀wà tì í lẹ́yìn.

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo èso àti ewébẹ̀ tí kò tíì rà kò burú ní ìwọ̀nba. Ẹ má fún wọn ní ohun tí ẹran tàbí ẹja ti kàn. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ ọ́. Ewé píà (avocado) ń ba ọmú ewúrẹ́ tó ń fún wàrà jẹ́, ó sì lè pa ọkàn rẹ̀ lára. Oleander àti rhododendron, àwọn igi òdòdó, ewé wọn díẹ̀ péré lè pa á.

Mínírà àgùntàn tàbí oúnjẹ adìyẹ ló wà nílé. Ṣé mo lè fi fún ewúrẹ́?

Mínírà àgùntàn kì í ní kọ́pà tó tó ewúrẹ́, torí pé kọ́pà tètè ń pa àgùntàn. Ewúrẹ́ tí kò rí kọ́pà tó máa ń ní irun dúdú tó ń pọ́n, ìrù rẹ̀ á sì pá ní ṣóńṣó. Ẹ má tìtorí èyí da kọ́pà sínú oúnjẹ fúnra yín. Bó bá pọ̀ jù, á ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Mínírà tí wọ́n ṣe fún ewúrẹ́ ti wọn ìyẹn fún yín. Bákan náà ni selenium: ààlà láàárín èyí tó tó àti èyí tó pọ̀ jù tín-ín-rín gan-an, nítorí náà ẹ má po mínírà oríṣi méjì pọ̀.

Oúnjẹ adìyẹ, rárá. Kálísíọ́mù inú ti adìyẹ tó ń yé pọ̀ jù, oògùn lè wà nínú rẹ̀, ó sì kúnná débi pé ewúrẹ́ tó bá já wọ ibi tí ẹ kó o pa mọ́ lè jẹ ẹ́ kú. Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa.

Èèpo ẹyin àti egungun lílọ̀ ńkọ́?

Èèpo ẹyin jẹ́ kálísíọ́mù gidi. Ẹ sè é, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì lò ó dípò láìmsítóònù. Egungun lílọ̀ ni kí ẹ yẹra fún. Oúnjẹ tí wọ́n fi ẹran àti egungun ṣe ló tan àrùn wèrè màlúù kálẹ̀, ní 2005 sì ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà wà lára ewúrẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé.

Ọtí kíkan, baking soda, ìwúkàrà, ewéko òkun: èwo ló yẹ kí n ná owó lé?

Nínú gbogbo wọn, baking soda nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún, fún ẹran tó ń jẹ ọkà púpọ̀ tí àpòlúkù rẹ̀ fẹ́ máa kan. Síbẹ̀, bí koríko bá tó, kò ní nílò rẹ̀. Ewéko òkun ní áyódíìnì, ṣùgbọ́n iyọ̀ ti fún yín ní ìyẹn ní owó tó kéré sí i. Ọtí kíkan kì í pa aràn. Ẹ fi owó rẹ̀ ra iyọ̀ mínírà.

Ṣé ọkà tí a mú hù lórí àtẹ ń dín owó kù?

Ojú ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Kílò ọkà kan lè di kílò 5 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ ti ewé tútù, inú ènìyàn á sì dùn, ṣùgbọ́n omi ló fi kún un. Bí a bá sá a gbẹ, èyí tó kù kéré sí ọkà tí a fi bẹ̀rẹ̀, torí pé hóró náà ti lo díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ láti fi hù. Ibi tí kò ti sí ewé tútù rárá nìkan ló ti lè ní ìtumọ̀.

Yúríà dínwó gan-an. Ṣé mo lè pò ó mọ́ oúnjẹ wọn?

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe é. Àṣìpò díẹ̀ lè pa ẹran láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ má fún ọmọ ewúrẹ́ láé, ẹ má sì jẹ́ kó pàdé sóyà tútù, torí pé èròjà kan nínú sóyà tútù ń tètè sọ ọ́ di amóníà.

Ọ̀nà tó dára jù láti lò ó ni láti fi tọ́jú koríko ìrẹsì gbígbẹ tàbí pòròpórò. Ẹ tu kílò yúríà 4 sínú omi lítà 50 sí 60, ẹ wọ́n ọn káàkiri kílò 100 koríko, ẹ fi ọ̀rá bò ó pinpin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ tú u síta kí òórùn rẹ̀ lọ kí ẹ tó fún wọn. Koríko náà á rọ̀, purotéènì rẹ̀ á sì gòkè.

Òbúkọ mi ń tiraka láti tọ̀. Ṣé oúnjẹ ló fà á?

Ó ṣeé ṣe gan-an. Ẹ pe dókítà ẹran lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la. Ọkà àti eèrí tó pọ̀ jù ń mú òkúta wẹ́wẹ́ wá sínú ọ̀nà ìtọ̀, pàápàá lára èyí tí a tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré. Ẹ má fún akọ ní oúnjẹ abo tó ń fún wàrà. Koríko, omi púpọ̀ àti iyọ̀ ló tó wọn. Ammonium chloride, ìdá 0.5 sí 1 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ hóró, ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀.

Kí ni kí n yí padà nígbà tó bá lóyún?

Nǹkan bí ọjọ́ 150 ni oyún ewúrẹ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò béèrè ohun púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó kẹ́yìn ni ọmọ ń dàgbà jù, tí àyè inú ikùn sì ń dín kù, nítorí náà ẹ máa fi oúnjẹ hóró kún un díẹ̀díẹ̀, láti gíráàmù 200 lọ dé 500, kí ẹ sì fún un ní koríko tó dára jù nílé.

Èyí tó rù àti èyí tó sanra jù ló wà nínú ewu, pàápàá bó bá ru ìbejì tàbí ẹ̀ta òkò. Bó bá kọ oúnjẹ, tó ń dá dúró, tí èémí rẹ̀ sì ń rùn dídùn bí èso tó ti rà, dókítà ló kù.

Mo ń bọ́ ọ dáadáa, síbẹ̀ ó ń rù. Kí ló dé?

Ẹ má fi oúnjẹ kún un kí ẹ tó wo aràn. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bó bá pupa, ó dára. Bó bá ti funfun bí ìwé, aràn amùjẹ̀ tó ń jẹ́ Haemonchus ló sábà máa ń fà á. Káàdì àwọ̀ márùn-ún tí wọ́n ń pè ní FAMACHA, tí wọ́n ṣe ní South Africa, wà fún èyí. Lẹ́yìn aràn, ẹ wo eyín rẹ̀ bóyá ó ti ń já, kí ẹ sì wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ: èyí tó lágbára máa ń lé èyí tó rọra sẹ́yìn. Ẹ so ó lọ́tọ̀ kó jẹun.

Ọ̀rá inú wàrà dín kù, tàbí wàrà ń rùn. Ṣé àfikún oúnjẹ ló fà á?

Ọ̀rá tó dín kù sábà máa ń túmọ̀ sí pé ọkà pọ̀ jù, koríko kò tó. Ẹ fún un ní koríko gígùn kí ẹ tó fún un ní ọkà. Ní ti òórùn, ẹ yẹ àlùbọ́sà àti áyù wò. Ohunkóhun tó bá ní òórùn líle, ẹ̀yìn tí ẹ bá ti fún wàrà tán ni kí ẹ fún un, kì í ṣe ṣáájú.

Oúnjẹ tó bu díẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó kàn lè jẹ́ kí n ju apá tó bu nù?

Rárá. Olú tó hù sórí ẹ̀pà, àgbàdo àti hóró òwú lè fi májèlé aflatoxin síbẹ̀, májèlé náà sì lè wà níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ jẹ́, ó sì ń bọ́ sínú wàrà gẹ́gẹ́ bí aflatoxin M1. Sísè kò lè pa á. Nínú kílò wàrà kan, ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà ju máíkírógíráàmù 0.05 lọ, Amẹ́ríkà gbà dé 0.5.

Àpò tó dínwó nítorí pé òjò ti pa á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Nílé, ẹ kó oúnjẹ lé orí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri, ẹ má sì ra èyí tó ju ti oṣù kan lọ nígbà òjò. Bí ẹ bá fura pé wọ́n ti jẹ èyí tó bu, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì da wàrà náà nù. Bíi ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ jíjẹ ẹ́ ni májèlé náà ń kúrò nínú wàrà.